Ọkọ̀ Ni Mo Wí

Kí àrùn tó dé, ohùn ọ̀fun lásán ni Atótó fi ń kéde fún ìgbìmọ̀ abúlé. Ohùn náà sì tó o. Bó bá dúró sídìí ẹ̀rọ omi lápá òkè tó ní "Atótó!", ajá tó sùn sísàlẹ̀ odò á gbé etí sókè. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní Atótó, títí orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ fi di ohun tí ẹnikẹ́ni kò rántí mọ́, àfi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin kan ṣoṣo.

Ẹ̀gbọ́n yìí ni Aránṣọ. Òun ló tọ́ Atótó dàgbà. Ìyá wọn kú nígbà tí ọmọ ṣì ń rá kòrò, ẹ̀gbọ́n náà kò sì tíì ju ọmọdébìnrin lọ, ló bá gbé e pọ̀n, kò sọ̀ ọ́ kalẹ̀ bọ̀rọ̀. Ikọ́ burúkú kan jà nígbà náà, tó ń mú àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ lọ, tó jẹ́ pé abiyamọ gan-an ń yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kó tó fọ́mọ lọ́mú. Aránṣọ kò yí ojú síbì kankan. Ẹnu ọmọ wà lọ́rùn rẹ̀ tọ̀sán tòru, ọmọ ń wúkọ́ sí i lára, òun ń kọrin fún un. Ọmọ yè. Nígbà tó dàgbà tó fẹ́ gba iṣẹ́ ìgbìmọ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yìí náà ló rán ẹ̀wù tó wọ̀ lọ síwájú wọn. Kí a fìyẹn sílẹ̀ ná.

Àrùn dé. Wọ́n ti ilé ìwé, wọ́n ti ọjà, wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má súnmọ́ ẹnikẹ́ni, gbogbo ọ̀nà wá dá páropáro. Ìgbìmọ̀ ra gbohùngbohùn kan, èyí tí wọ́n ń fi okùn gbé kọ́ ọrùn, tó ní bọ́tìnnì pupa létí, wọ́n sì fi lé Atótó lọ́wọ́. Alága ìgbìmọ̀, obìnrin kan tó ń ta búlọ́ọ̀kù tí ojú rẹ̀ sì le bí ọjà rẹ̀, ní kí ọ̀fun bàbá náà lọ sinmi, kó máa dúró lókèèrè, kí ẹ̀rọ máa bá a sọ̀rọ̀.

Ẹ̀rọ náà lariwo lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ń jẹ ohùn. Ohun tí èèyàn bá gbé sókè, á fà á wálẹ̀. Ohun tó bá rẹ̀ sílẹ̀, á gbé e dìde. Gbogbo rẹ̀ á wá tẹ́ pẹrẹsẹ bí aṣọ tó jáde lábẹ́ áyọ́ọ̀nù. Tí a bá wá fi ìbòmú lé e, tán ni. Lọ́jọ́ kan Atótó kéde pé ìgbìmọ̀ fẹ́ pín ọṣẹ kiri ojúlé. Alápatà ti ilẹ̀kùn mọ́rí, ó yọjú lójú fèrèsé, ó ní ọṣẹ́ tí àrùn ń ṣe kò ha tó, tí ìgbìmọ̀ tún fẹ́ máa pín ọṣẹ́ tiwọn fún ọmọ ọlọ́mọ. Wọ́n fi rẹ́rìn-ín títí. Atótó náà bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò dá ẹ̀rọ padà. Ó ti fẹ́ràn rẹ̀, kì í sì í ṣe nítorí ariwo. Ẹ̀rọ yẹn ló ń jẹ́ kó lè máa dúró lókèèrè.

Ẹ̀rù ń bà á, ká má parọ́. Odindi ọkùnrin, ohùn bí ààrá, atẹ́gùn lásán ló ń bẹ̀rù. Bó bá délé, á fọ ọwọ́ títí ìka á fi hunjọ. Bí ìyàwó rẹ̀ bá sín, á gbé àga rẹ̀ jáde síta, á ní ooru ló ń mú òun. Kò jẹ́wọ́ ẹ̀rù yìí fún ẹnikẹ́ni. Òfin ló máa ń sọ. Òfin ní ká má rìn, òfin ní ká má jókòó pọ̀. Ojo tó rí òfin fi bojú, ta ni yóò mọ̀ pé ojo ni?

Ìgbà tó yá, àrùn mú Káfíńtà. Ọkọ Aránṣọ ni, aláwàdà kan báyìí, tó máa ń sọ fún oníbàárà pé àga tí òun bá kàn, ìdí ni yóò gbó kí àga tó gbó. Èémí ń kúrú sí i nínú, wọ́n gbé e lọ sí ibùdó ìyàsọ́tọ̀ ní ìlú ńlá. Bí ọkọ̀ aláìsàn ṣe gbéra báyìí ni abúlé kẹ̀yìn sí ilé náà. Àwọn tó gbé aṣọ wá fún Aránṣọ kò wá gbà á mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ kọjá, á sọdá sí òdìkejì títì. Òun àti ọmọ rẹ̀ obìnrin nìkan ló kù sínú ilé, maṣíìnì ń dún kàtàkàtà.

Nọ́ọ̀sì wá ṣe àyẹ̀wò fún àwọn méjèèjì, kò rí nǹkan kan. Ó tún padà wá, kò tún rí nǹkan kan. Ìgbìmọ̀ wá ní kí Atótó kéde pé kò sí àrùn nílé Aránṣọ o, kí àwọn èèyàn yé sá fún wọn. Atótó kéde rẹ̀ ní gbogbo ìkóríta. Ó tilẹ̀ fi ti ara rẹ̀ kún un, ó ní ẹni tó bá ń sá fún aládùúgbò rẹ̀ lọ́jọ́ ìṣòro, kí onítọ̀hún lọ wo ojú ara rẹ̀ nínú dígí. Nígbà tó parí, ó gba ẹ̀yìnkùlé onílé lọ sí ilé tirẹ̀, kó má baà gba iwájú géètì ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kọjá.

Kò ṣàì máa kí i o. Á pè é lórí fóònù. Nígbà mìíràn á dúró sójú títì, á juwọ́. Ẹ̀gbọ́n á ní, "Wọlé, jàre," àbúrò á ní iṣẹ́ ìgbìmọ̀ ló ń lé òun, òun ń bọ̀ lọ́la. Ọ̀la yẹn kò mọ́. Aránṣọ kò sì kà á sí. Ó máa ń sọ fún ọmọ rẹ̀ pé iṣẹ́ ìjọba nira, jẹ́ ká máa ṣàánú bàbá rẹ kékeré.

Káfíńtà wá sàn. Ọkọ̀ ìgbìmọ̀ lọ gbé òun àti àwọn mìíràn tára wọn ti yá. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń bọ̀, Aránṣọ ti jí gbálẹ̀ dé ojú títì. Ó fọ aṣọ fèrèsé, ó gbé àga ọkọ rẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà, ó se oúnjẹ, ó wọ aṣọ kan tí ọkọ rẹ̀ máa ń sọ pé bóun bá rí i lára rẹ̀, òun a máa gbàgbé ibi tóun fi òòlù sí. Nígbà tí kò rí nǹkan ṣe mọ́, ó jókòó sídìí maṣíìnì lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, níbi tójú rẹ̀ ti tó títì, ó ń rán etí aṣọ tí kò ya.

Lọ́sàn-án, Akọ̀wé ìgbìmọ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin kan, jáde sí Atótó níwájú ọ́fíìsì. Ó ní dẹ́rẹ́bà pè, ọkọ̀ ti kú sọ́nà, ẹ́ńjìnnì ló gbóná kọjá ààlà. Kò sí ohun tó ṣe àwọn èèyàn inú rẹ̀, wọ́n wà lábẹ́ igi, ara wọn le, ṣùgbọ́n ó dà bíi pé ó di ọ̀la kí wọ́n tó dé. Kí Atótó lọ sọ fún Aránṣọ, kó má baà jókòó retí títí ilẹ̀ á fi ṣú. Atótó ti ń gbé ẹ̀rọ kọ́ ọrùn nígbà tí ọ̀dọ́mọkùnrin náà tún pè é padà.

"Bàbá, ẹ wọlé lọ bá wọn o. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti ojú títì."

Atótó ní òun ti gbọ́.

Nígbà tó dé ibẹ̀, géètì ṣí gbayawu. Ó rí àga tí wọ́n gbé sẹ́nu ọ̀nà. Ó rí orí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lójú fèrèsé, ó tẹ̀ sórí maṣíìnì. Ilẹ̀ iwájú ilé mọ́ tó bẹ́ẹ̀ tó fi dà bíi pé wọ́n gbá a fún ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó rò ó pé kí òun wọlé. Ó tún rò ó pé inú ilé yẹn ni ọkùnrin náà ti wúkọ́ kó tó lọ, àti pé nọ́ọ̀sì kì í ṣe Ọlọ́run. Ló bá gbé ẹ̀rọ sẹ́nu, ó tẹ bọ́tìnnì.

"Aránṣọ o! Ọkọ̀ ti kú lọ́nà. Ẹ má retí rẹ̀ mọ́."

Gbólóhùn tó sọ nìyẹn. Kò tilẹ̀ pè é ní ẹ̀gbọ́n mi. Ìbòmú gbà á lẹ́nu rẹ̀, ẹ̀rọ gbà á lọ́wọ́ ìbòmú, nígbà tí ọ̀rọ̀ yóò fi wọ ojú fèrèsé, ó ti tẹ́ pẹrẹsẹ, kò sí òkè, kò sí ìsàlẹ̀. Ọ̀nà wo ni obìnrin tó ń retí ọkọ yóò fi gbọ́ ọkọ̀ níbẹ̀?

Maṣíìnì dákẹ́. Ọmọ ló kọ́kọ́ lọgun. Ìyá rẹ̀ kò lọgun, ó kàn dìde dúró, ó di igi fèrèsé mú, ẹnu rẹ̀ là, kò sí ohùn níbẹ̀. Ìgbà náà ni ohun tí Atótó ti sọ yé Atótó fúnra rẹ̀. Ó tún tẹ bọ́tìnnì.

"Ọkọ̀ ni mo wí! Ọkọ̀ ni, kì í ṣe ọkọ!"

Lẹ́nu ẹ̀rọ, ọ̀kan náà ni méjèèjì. Ohun tó dé inú ilé ni pé ọkọ ni, kì í ṣe ọkọ. Ta ni yóò rí ìtumọ̀ sí ìyẹn? Ọmọbìnrin náà tún figbe ta, ó ní kí ló dé tí bàbá kékeré tún ń tẹnu mọ́ ọn.

Atótó jẹ́ kí ẹ̀rọ rọ̀ láyà rẹ̀. Ó gbé ẹsẹ̀ kan wọ inú géètì. Aránṣọ ń wò ó lójú fèrèsé. Ẹkún tó há sí obìnrin náà lọ́fun já lójijì, ó já pẹ̀lú ikọ́, ikọ́ ẹni tí omijé gbà lọ́nà ọ̀fun lásán. Ẹsẹ̀ Atótó padà síta.

Ohùn tó ń jí ajá nísàlẹ̀ odò wà lọ́fun rẹ̀ o. Bó bá fa ìbòmú yẹn wálẹ̀, tó ké lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ọ̀rọ̀ ti tán. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ ké, á kọ́kọ́ fa atẹ́gùn sínú, atẹ́gùn ilé yẹn ni kò sì fẹ́ fà. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé Akọ̀wé ni òun fẹ́ lọ pè, pé Akọ̀wé mọ ọ̀rọ̀ sọ ju òun lọ. Ó yí padà, ó ń lọ, ẹkún ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn.

Kò tíì rìn jìnnà tó fi pàdé Alápatà tó ń sáré bọ̀, kò sí ìbòmú nímú rẹ̀, aṣọ iṣẹ́ ṣì wà lára rẹ̀. Ó bi Atótó pé kí ló ṣẹlẹ̀ nílé ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Atótó ní ọkọ̀ ló kú, ṣùgbọ́n ìtìjú ti gba ohùn rẹ̀, abẹ́ ìbòmú ló ti sọ ọ́, wúyẹ́wúyẹ́. Alápatà ní òun náà ti gbọ́ o, ikú ṣe ohun tó pọ̀, ó sì ń sáré lọ, kò dúró. Lẹ́yìn rẹ̀ ni alágbàfọ̀ tó ń gbé lódìkejì, òun náà ń sáré, àti ìyá arúgbó kan tí kì í tilẹ̀ í sáré mọ́. Àwọn tó ń sọdá sí òdìkejì títì láti bí ọjọ́ mélòó ni wọ́n ń wọ́ gba inú géètì yẹn wọlé, kò sẹ́ni tó rántí àrùn. Atótó tó kéde fún wọn pé kí wọ́n má sá fún ọmọlàkejì, òun nìkan ló kọ ẹ̀yìn síbẹ̀.

Ó dé ọ́fíìsì, àgádágodo wà lẹ́nu ilẹ̀kùn. Akọ̀wé ti lọ wá mẹkáníìkì. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó ní òun ń dúró dè é. Kò sí ohun tó ń dúró dè. Ó gbé ọwọ́ lé etí méjèèjì, ó ṣì ń gbọ́ ẹkún náà.

Oòrùn ti ń rọlẹ̀ nígbà tí ariwo yí padà. Ẹkún kọ́kọ́ dákẹ́ wáí, ló bá tún sọ, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ti wọ inú rẹ̀. Atótó dìde, ó tọ ariwo náà lọ, ó dúró lẹ́yìn gbogbo èèyàn lójú títì. Káfíńtà ti dé. Ara rẹ̀ kò gbà á láti sùn sábẹ́ igi, ó bẹ awakọ̀ kan tó kó pákó, ẹni tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, ìyẹn sì já a sílẹ̀ lẹ́nu géètì. Ó bá èrò níwájú ilé rẹ̀, ó fọwọ́ kan Alápatà léjìká, ó ní, "Ta ló kú? Ṣé mo mọ̀ ọ́n?" Alápatà yíjú wò ó, ó ṣubú sínú gọ́tà.

Aránṣọ kò sáré pàdé ọkọ rẹ̀. Ilẹ̀ ló gbà, ó ń fi orúnkún rìn, ó di ẹsẹ̀ ọkùnrin náà mú, ó ń tẹ̀ ẹ́ wò láti àtàǹpàkò dé ojúgun, bíi ti ẹni tó ń ra ẹran. Ìgbà tó dá a lójú tán, ó gbá a létí, ó sì dì mọ́ ọn.

Ibi tí wọ́n ti ń tú ọ̀rọ̀ náà wò ni wọ́n ti rí Atótó. Alágbàfọ̀ di imú rẹ̀, ó ń ṣe bí ẹ̀rọ, ó ń sọ pé "Oko ni mo wí, kì í ṣe oko," gbogbo wọn fi ẹ̀rín wó. Káfíńtà ní, "Àna mi, ìwọ lo pa mí? O ò tilẹ̀ ní kí n fọwọ́ sí i kóo tó kéde." Atótó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà korò lẹ́nu rẹ̀ bí ewúro. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ń wò ó láti èjìká ọkọ rẹ̀, ojú tó fi wò ó lójú fèrèsé náà ni.

Nígbà tí ìgbìmọ̀ jókòó sórí pápá ilé ìwé, àga jìnnà síra, Alága ní kí Atótó wá sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́. Ọ̀nà méjì ló wà níwájú rẹ̀. Ó gba èyí tó rọrùn. Ó ní ẹ̀rọ ni, pé ẹ̀rọ náà ń jẹ ohùn, wọ́n ṣáà ti rí ti ọṣẹ. Àwọn èèyàn ní òótọ́ ni. Akọ̀wé ń wò ó, ó fẹ́ sọ̀rọ̀, ó wo irun funfun orí rẹ̀, ó sì pa ẹnu mọ́. Alága wá ní Aránṣọ la ṣẹ̀, kí ó wá sọ tẹnu rẹ̀, bó bá ní kí wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọkùnrin náà, àwọn yóò gbà á.

Aránṣọ dìde. Atótó ń wo ilẹ̀. Bí ó bá ní kí ilẹ̀ lanu, tí ilẹ̀ sì gbọ́, ìbá wọlé lọ.

"Ẹ̀rọ ni," Aránṣọ ní, ó sì jókòó.

Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún ọkàn rere rẹ̀. Wọ́n ní kí wọ́n dá gbohùngbohùn padà fún ẹni tó tà á. Atótó ń làágùn lábẹ́ ìbòmú. Ó yẹ kí ara rẹ̀ fúyẹ́, àmọ́ ńṣe ló dà bíi pé wọ́n gbé búlọ́ọ̀kù Alága lé e lórí.

Ó sáré tẹ̀ lé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lójú ọ̀nà, ó ní ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n mi. Obìnrin náà dúró, ó bi í pé kí ló ń dúpẹ́ fún. Ó ní pé ẹ̀gbọ́n òun kò dójú ti òun láàárín àwùjọ ni.

"Ojú tèmi ni mi ò fẹ́ kó tì," Aránṣọ ní. "Ta ló tọ́ ọ?"

Aránṣọ kò dúró gba èsì.

"Mo rí ọ lójú fèrèsé. Mo rí ẹsẹ̀ rẹ tó wọ géètì. Nínú ikú tó pa mí lọ́jọ́ yẹn, mo ní àbúrò mi ń bọ̀ wá gbé mi dìde." Ó fi ọwọ́ nu etí aṣọ rẹ̀ bíi pé nǹkan wà níbẹ̀. "Mo sì rí i nígbà tó padà. Pé ọkọ mi kú, irọ́ ni, ó ti lọ. Èyí tí mo fi ojú mi rí, kì í ṣe irọ́, ibo ni kí n gbé e sí?"

"Ẹ̀rù ló bà mí."

"Mo mọ̀."

Atótó ń kúnlẹ̀ lọ, Aránṣọ kò jẹ́ kó kúnlẹ̀ tán. Ó ní kó dìde kí wọ́n má máa wo àwọn, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Láti ìgbà náà, ohùn ọ̀fun ni Atótó padà sí. Kò dúró lójú títì mọ́. Bí ìgbìmọ̀ bá ní iṣẹ́ ìròyìn, ojúlé dé ojúlé ló ń lọ, á kan ilẹ̀kùn, á wọlé, á jókòó ti arúgbó, á sọ ọ́ títí yóò fi yé e. Ilé tí wọ́n ti ń wúkọ́ gan-an, ó ń wọ̀ ọ́. Ẹ̀rù kò tíì tán lára rẹ̀ o, ṣùgbọ́n ó ń wọlé. Ìgbìmọ̀ ń yìn ín. Alága tí kì í yin èèyàn ní bí gbogbo òṣìṣẹ́ bá rí báyìí, abúlé ì bá ti dára. Ìyìn náà a máa ta á lára bí èèrà, torí ó mọ ilé tó yẹ kó ti kọ́kọ́ wọ̀.

Ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nìkan ló kù. Kò sẹ́ni tó ní kó má wọlé. Géètì ṣí sílẹ̀, Káfíńtà a máa pè é láti ìdí iṣẹ́ rẹ̀ pé apani, wọlé wá mumi. Bó bá débẹ̀, á dúró, á máa retí kí Aránṣọ sọ ọ̀rọ̀ tó máa ń sọ tẹ́lẹ̀, pé wọlé, jàre, ṣùgbọ́n kì í sọ ọ́ mọ́.

Lọ́jọ́ tí abẹ́rẹ́ àjẹsára dé, ó ti sọ fún ara rẹ̀ láti ilé pé lónìí òun yóò wọlé, wọn ì bá à pè, wọn ì bá à má pè. Ó dé ẹnu géètì, ó rí orí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lójú fèrèsé, ó sì dúró síbẹ̀. Ó pè é ní ẹ̀gbọ́n mi. Ó ní nọ́ọ̀sì ti dé sí ilé ìwé, àwọn àgbà ni wọ́n yóò kọ́kọ́ gún, kí òun àti ọkọ rẹ̀ máa bọ̀. Ohùn rẹ̀ já geere, ohun tó yẹ kó wà lókè wà lókè, ohun tó yẹ kó wà nísàlẹ̀ wà nísàlẹ̀, kò sí èyí tó sọnù.

Maṣíìnì dákẹ́ díẹ̀. Aránṣọ gbójú sókè, ó kí i dáadáa, ó béèrè ìyàwó rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó dá a lóhùn bí gbogbo abúlé ṣe ń dá akéde lóhùn.

"A ti gbọ́," ó ní.

Maṣíìnì sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í dún.